Ebenezer Obey Fi Òde Àríyá Sílẹ̀: Ta Ni Ó Fún Un Ní Ìwé Ìfẹ̀yìntì?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ó bá jẹ́ ti àwa tíṣà ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì kò ní àríyànjiyàn nínú. Òfin ti là á sílẹ̀. Láti ọdún 2022 tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí òfin tuntun, tíṣà lè ṣiṣẹ́ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 65, tàbí títí yóò fi lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọjọ́ náà bá pé, a ó fún un ní ìwé, àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò kọrin, ọ̀gá àgbà yóò sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, ì báà rí bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ì báà má rí bẹ́ẹ̀. A ó gbé aago ògiri kan fún un, yóò sì lọ sílé lọ dúró de owó ìfẹ̀yìntì. (Bí owó náà bá pẹ́ kí ó tó dé, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Oníṣòwò náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kò bá gbé ìyá aláṣọ dé ọjà mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin a gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà a máa béèrè àlàáfíà ìyá, ọjà a sì máa tà.

Ṣùgbọ́n ta ni í fún olórin ní ìwé ìfẹ̀yìntì? Ta ni í gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìròyìn kan láti Amẹ́ríkà ni ó gbé ìbéèrè yìí sí mi lọ́kàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí à ń pè ní Aerosmith, tí wọ́n ti ń lu gìtá kiri ayé láti ọdún 1970, kéde pé àwọn kò ní í máa ti ìlú dé ìlú kọrin mọ́. Ọ̀fun Steven Tyler, akọrin àgbà wọn, ni ó fara pa ní ọdún 2023. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí, ohùn náà kò padà sí bí ó ti wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń kọ́ni ní Ajángbádì níbí gbọ́ ọ, ó fajú ro bí ẹni pé ẹbí rẹ̀ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, ìwọ tí o kò kọjá Sẹ̀mẹ̀ rí, níbo ni o ti mọ̀ wọ́n? Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí ó ń ṣe é ti ń ṣe èmi náà láti kékeré. Ti Ebenezer Obey ni tèmi.

Ẹ̀yin àgbà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tí Obey í ṣe fún yín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń dàgbà lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1942 ni a bí i ní Ìdógò, lágbègbè Ìlaròó, níbi tí ojú irin tí ó yà láti Ifọ̀ parí sí. Ẹ̀gbá ni àwọn òbí rẹ̀, inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ó dé Èkó, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Fàtáì Rolling Dollar, ẹni tí gìtá àti àgídìgbo kò ṣòro lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1964 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní International Brothers. Nígbà tí ó yá ó sọ ọ́ di Inter-Reformers. Ilé-iṣẹ́ Decca ń gbé àwo rẹ̀ jáde. Ó sọ irú jùjú tirẹ̀ ní Mílíkì, àwọn ènìyàn sì sọ òun náà ní Chief Commander.

Kò kọrin ìfẹ́ nìkan. Orin rẹ̀ dà bí ìwé ìròyìn fún ẹni tí kò mọ̀wé kà. Nígbà tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní oṣù kejì ọdún 1976, Obey fi àwo dárò rẹ̀. Ní ọdún kan náà, nígbà tí ìjọba ní kí olúkúlùkù lọ gbin oúnjẹ, Obey kọ ọ́ lórin, ìyá tí kò lè ka lẹ́tà A sì mọ ohun tí ìjọba ń wí. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ìlú wa, mo mọ iye ìgbà tí àwo Obey ti rán mi lọ́wọ́ nínú kíláàsì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ọkùnrin yìí sọ pé ó tó. Ó ní Ọlọ́run pe òun sí iṣẹ́ ìhìnrere. Ó di ajíhìnrere, ó sì yí orin rẹ̀ sí orin ìyìn. Òde ìgbéyàwó, òde òkú, òde ìsọmọlórúkọ, òru Sátidé mọ́júmọ́ Sọ́ńdè, gbogbo rẹ̀ ni ó kẹ̀yìn sí.

Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni mí. Ní ọdún tí Obey ń sọ pé ó tó yìí, bí mo bá ti dáyé rárá, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà. Èmi kò bá a lójú agbo rí. Àwo bàbá mi ni mo bá, nínú àpótí pákó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn àfi bí ó bá ti fọ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tí gírámafóònù ilé wa kú, a ra kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Alábà; ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì re ibi àgbà ń rè, a ra pẹlẹbẹ tí ń dán bíi dígí, ní Alábà náà; nísinsìnyí inú fóònù ni ó wà. Mo mọ orúkọ àwọn ọlọ́lá Èkó tí wọ́n ti kú kí a tó bí mi bí mo ti mọ orúkọ àwọn ará ilé wa. Olóyè Henry Fajemirokun kú ní ọdún 1978; inú àwo ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹnìkan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè ṣàárò ohun tí kò bá? Ìbéèrè tí wọ́n bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nìyẹn, ó sì kan èmi náà. Ìdáhùn mi ni pé àwo mú orin dání, kò mú òru dání. Òru yẹn ni mo ń ṣàárò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òru náà ti rí, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó bá a ti ṣàlàyé fún mi. Láti ọ̀sán Sátidé ni wọn a ti ta àgọ́ dí ojú títì. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ olórin a dé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a já ẹrù, wọn a to àwọn àpótí tí ń gbé ohùn jáde, ọ̀kan lórí èkejì, wọn a sì máa dán gìtá wò. Bí àlejò bá ti jẹun alẹ́ tán, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀gá kò tíì jáde. Wọn a lù ú, wọn a lù ú, ọrùn àwọn ènìyàn a máa gùn sí ọ̀nà. Ìgbà tí ọ̀gá bá yọ ní ọwọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, ariwo a sọ.

Láti ìgbà náà títí di ìdájí, kò sí ìjókòó. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára gìtá, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ènìyàn pàtàkì bá wọlé, ẹnìkan ti sọ orúkọ rẹ̀ sí ọ̀gá létí; onígángan a ti fi ọ̀pá ki onítọ̀hún kí ọ̀gá tó fi ẹnu kì í. Ẹni tí a kì náà a dìde, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ ẹbí a yí i ká, wọn a sún mọ́ iwájú, owó a sì máa lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin. Ọmọ ẹgbẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ṣa owó sínú àpò lọ. (Lónìí, kí olówó wa ṣọ́ra. Òfin báǹkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 kò fẹ́ kí a máa fọ́n náírà lójú agbo. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán ẹnìkan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀.)

Má wulẹ̀ sọ ti àwọn ọlọ́lá. Fi ojú inú wo ìyá kan tí ó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọ̀jọ́. Ìwé ìròyìn kò dárúkọ rẹ̀ rí. Bí ó bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, akọ̀wé a ní kí ó lọ dúró lẹ́yìn. Ìyá yìí tọ́jú owó fún ọdún méjì, ó sì pe olórin wá sí òkú ìyá rẹ̀. Ní òru ọjọ́ yẹn, orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, oríkì ìran rẹ̀ láti ìlú tí wọ́n ti ṣí wá, gbogbo rẹ̀ ni ó ti inú awọ jáde, tí adúgbò gbọ́, tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ pàápàá gbọ́ lórí ibùsùn wọn. Ohun tí olórin jùjú ń tà nìyẹn. Kò sí nínú àwo, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi fóònù gbà á. Ẹni tí yóò tà á ní láti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú ẹni tí yóò rà á, kí ó sì máa wo ojú rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹsẹ̀ náà ń kọ́ o. Láti ọdún 1964 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ju ọdún 25 lọ dáadáa. Àwa tíṣà ń ka ọdún 40, ṣùgbọ́n òru ni a fi ń sùn. Ẹni tí ó ń kọrin ní Èkó ní òru Ẹtì, ní Ìbàdàn ní òru Sátidé, tí wọ́n tún ń dúró dè é ní ibòmíràn ní Sọ́ńdè, ọdún kan rẹ̀ kì í ṣe ọdún kan tíṣà. Àwọn àgbà sì ti wí pé ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni í ya.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ Obey ni pé kò dúró kí awọ ya. Ó fi í sílẹ̀ nígbà tí ohùn ṣì ń bẹ. Èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dárí rẹ̀ jì í. Àwọn kan ní ó já àwọn jù sílẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ ní, ṣé ìrònúpìwàdà rẹ̀ dé inú? Àwọn Mùsùlùmí tí ó pọ̀ nínú olólùfẹ́ rẹ̀ ní, àwa ńkọ́? Nígbà tí ó sì tún ń fara hàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọdún lẹ́yìn náà, tí ó gbé gìtá níbi àjọyọ̀ kan tàbí òmíràn, àwọn tí ó ti bínú pé ó lọ tún bínú pé ó padà. Ẹ sì wò ó, Obey fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ lórin ní ọdún 1973, ìtàn bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn: bàbá gùn ún, wọ́n bú u, ọmọ gùn ún, wọ́n bú u, àwọn méjèèjì gùn ún, wọ́n bú wọn, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n tún pè wọ́n ní òpè. Ó ti mọ̀ wá kí a tó mọ ara wa.

Èmi kò bá àwọn tí ń bínú lọ. Olólùfẹ́ ra àwo, ó san owó àwo. Ọlọ́jọ́ pe olórin, ó san owó òru kan. Èwo nínú wọn ni ó san owó ẹ̀mí ènìyàn? Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín. Bí mo bá gbọ́ gángan inú àwo kan báyìí tí ó ń ki ẹni tí kò sí mọ́, inú mi a máa ro ó pé ì bá ṣe pé ó dúró ọdún mẹ́wàá sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí kò fi í sílẹ̀. Àyìnlá Ọmọwúrà kú ní ọdún 1980, ogunlọ́gọ̀ òde ṣì ń dúró dè é. Haruna Ìṣọ̀lá kú ní ọdún 1983. Orlando Owoh kú ní ọdún 2008, Síkírù Àyìndé Barrister sì kú ní oṣù kejìlá ọdún 2010. Nínú gbogbo wọn, n kò mọ ẹnìkan tí ó pe àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ jọ, tí ó ní, ẹ wá, òní ni ìgbẹ̀yìn, ó dìgbóṣe. Àwa náà kò sì fún wọn láyè.

Ti I. K. Dáíró tún yàtọ̀. Ní ọdún 1957 ni ó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni ó mú àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú. Ní ọdún 1963 ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè M.B.E. Kò sí ẹni tí ó tó o nígbà náà. Nígbà tí Obey àti Sunny Adé gòkè, àwọn ènìyàn yí ojú sí ibi tí orin titun ti ń dún, Dáíró sì rọra kúrò níwájú. Kì í ṣe pé ó fẹ̀yìntì. Àwa ni a fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ó tún gbé àkọ́díọ̀nù rẹ̀, ó kọ àwo titun, ó lọ sí òkè òkun, àní ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, kí ó tó kú ní Ẹfọ̀n-Aláayè ní oṣù kejì ọdún 1996. Ẹ rí i pé tíṣà ni ó fi parí rẹ̀, inú mi sì dùn sí i.

Fàtáì Rolling Dollar, ọ̀gá Obey àtijọ́, ni ó yà mí lẹ́nu jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá dárúkọ rẹ̀ ń dárúkọ ará àná ni. Nígbà tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 75, wọ́n wá a rí, wọ́n gbé e lọ sí ilé tí a ti ń gba orin sílẹ̀, ó tún orin rẹ̀ àtijọ́ kọ, àwọn ọmọ tí kò tó ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń kọ ọ́ kiri àdúgbò. Èyí ni mo fi ojú ara mi rí. Mo ti dàgbà nígbà náà. Bàbá arúgbó ń jó, ó ń lu gìtá, eyín rẹ̀ funfun nínú ẹ̀rín. Ó ṣe é títí ó fi kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2013. Inú àwọn ènìyàn dùn. Inú tèmi dùn, ó sì bàjẹ́ díẹ̀, nítorí mo ń bi ara mi pé, bí àwo rẹ̀ àtijọ́ bá ti ń bọ́ ọ láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣé ó di dandan kí bàbá ọlọ́gọ́rin ọdún máa ṣe òru?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nígbà tí àwọn Beatles ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sú lọ nínú ìrìn-àjò orin, wọ́n kọrin tí a sanwó wò ìkẹyìn ní San Francisco ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1966. Ọ̀dọ́ ni wọ́n. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n wọ ilé lọ, wọ́n ń kọ àwo, owó àwo ń bọ́ wọn. Elton John bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò ìdágbére rẹ̀ ní ọdún 2018, ó parí rẹ̀ ní Stockholm ní oṣù keje ọdún 2023. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni ó fi ń sọ pé ó dìgbóṣe, wọ́n sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá gbọ́ ọ! Ìdágbére tiwọn, ọjà ni.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwo kò bọ́ ẹnikẹ́ni yó. Ọjọ́ keji tí àwo bá jáde, ẹlòmíràn ti ṣe ayédèrú rẹ̀, ó ti ń tà á lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Àwa tí a ń gbé ẹ̀bá Alábà kò lè sọ pé a kò mọ̀. Òde àríyá ni ó ń bọ́ olórin. Bí kò bá jáde ní Sátidé, kò sí owó ní Mọ́ńdè. Ìdí nìyí tí ìdágbére kò fi sí nínú àṣà jùjú. Ìwé ìfẹ̀yìntì olórin, nígbà tí kò bá ti sí owó nínú rẹ̀, ta ni yóò fẹ́ gbà á?

Mo ti ń sọ ti ọ̀gá láti òwúrọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹgbẹ́ jùjú ńlá lè ní ènìyàn ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá bá ní ó tó, gbogbo wọn ni ó tó fún, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọ́n kọ̀.

Bàbá kan wà ní Ajángbádì níbí, tí ó ń ta káàdì ìpè tí ó sì ń tún agboorùn ṣe ní ìdí òpó iná. Gángan ni ó fi jẹun fún ọdún mẹ́rìndínlógún, nínú ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ (kì í ṣe ti Obey). Ó sọ fún mi pé nígbà tí ọ̀gá wọn dáwọ́ dúró, ó pè wọ́n sí pálọ̀ rẹ̀, ó fún olúkúlùkù ní owó díẹ̀, ó ní kí kálukú mú ohun èlò tí ó ń lù lọ, ó gbàdúrà fún wọn. Kò ju ìyẹn lọ. Olúgìtá méjì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, kò pẹ́ tí ó fi túká. Onídùrù lọ sí ìjọ kan, ibẹ̀ ni ó wà di òní. Ẹni tí ó ń lu àkúbà wa ọkọ̀ akérò láti Òkòkòmáíkò sí Mile 2. Òun fúnra rẹ̀ gbé gángan kọ́ ara ògiri. Mo bi í bóyá ó bínú sí ọ̀gá. Ó wò mí bí ẹni tí ó béèrè ohun tí ọmọdé ń béèrè. Ó ní ọ̀gá ti darúgbó, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, kí ni kí òun bínú sí? Ohun tí ó dun òun ni pé ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí ó ti di aago mẹ́ta ọ̀sán, òun wẹ̀, òun wọṣọ, òun jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ni ìyàwó òun tó ní kí òun wọlé.

Ní àdúgbò wa báyìí, àgọ́ ṣì ń dí ojú títì ní ọjọ́ Sátidé, ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá lọ sí Ìbà kí ó wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọjú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo ni ẹ ó bá, pẹ̀lú dùrù oníná tí ó fúnra rẹ̀ ń lu ìlù, tàbí ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ orin bọ́ orin. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ariwo rẹ̀ sì tó. N kò bú wọn. Ìnáwó ayé ìsinsìnyí le, àwọn ọmọ náà ń wá jíjẹ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja bóyá ó gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo ti rò ó títí, mo lọ bá bàbá onígángan ní ìdí òpó iná rẹ̀, mo sì lọ bá ọ̀gá àgbà wa. Ọ̀gá àgbà ní bí kò bá ti dí ẹ̀kọ́ ìṣirò lọ́wọ́, òun gbà. Láti sáà tí ó kọjá, bàbá ń wá sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ní aago méjì ọ̀sán tí ilé-ìwé bá ti jáde. Ọmọ mọ́kànlá ni ó ń kọ́, mẹ́rin nínú wọn obìnrin. Nǹkan díẹ̀ tí àwọn òbí dá jọ ni à ń fún un, bí ó sì ti kéré tó, ojú ọ̀sán ni ó fi ń gbà á, lórí àga ni ó sì ń jókòó.

Kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọ̀pá títí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi lọ béèrè oríkì ilé rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí, tí ó sì mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ̀yin náà mọ bí Ajángbádì ti rí. Àwórì wà níbẹ̀, Ègùn wà, Ìgbò wà, gbogbo ayé ni ó wà níbẹ̀. Ọmọ Ìgbò kan mú orúkọ oyè bàbá bàbá rẹ̀ wá, ó dúró gbọnrangandan bí ẹni tí ó fẹ́ sọ ìsọdipúpọ̀. Bàbá ní kí ó tún un pè. Ó tún un pè. Bàbá ní lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fún awọ gángan ní abẹ́ apá, ó sì lù ú jáde, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ọmọ náà ti pè é. Àwọn ọmọ yòókù pariwo.

Gángan méjì ni a ní, awọ ọ̀kan sì ti ya. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò sí rárá. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé ní ọ̀nà Ọ̀jọ́ sí Òkòkòmáíkò bá ní ọ̀kan tí ó kọ́ sára ògiri láti ayé Mílíkì, tí kò sì sí ẹni tí ń lù ú nílé mọ́, bàbá máa ń wà ní ìdí òpó iná rẹ̀ láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àfi ọjọ́ Ọjọ́bọ̀.